Ohùn Àwẹ̀ró Nínú Orin Ìkẹyìn

Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ìkà nìkan ni ibi ti ń wá, ayé ì bá rọrùn láti gbé. Ká ṣáà mọ ilé ìkà, ká gba ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n kò sí ìkà kankan nínú ilé Màmá Dinah, bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ ìsàmì rẹ̀ pè é, ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ìfẹ́ ló mú kí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n ṣe, ìfẹ́ náà ló sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn tí ẹnikẹ́ni ò rí ọ̀nà jáde.

Ní àárọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, Màmá jókòó sórí àga rẹ̀ ní yàrá àlejò, ọ̀pá rẹ̀ wà lórí itan, ó ń gbàdúrà. Akínlabí, ọmọkùnrin rẹ̀, kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Baba wa, Ọba tó ń ṣọ́ ará oko, tó ń ṣọ́ ará ilé, mo fi ọmọ mi lé Ọ lọ́wọ́. Olúwafọlákẹ́mi mi, Àwẹ̀ró mi, tó wà níbi tí ojú mi ò tó. Bó ti jáde láyọ̀, jẹ́ kó wọlé láyọ̀. Má jẹ́ kó ṣe kòńgẹ́ aburú. Má jẹ́ kí n sunkún rẹ̀."

"Àmín," ni Akínlabí wí.

"Àmín rẹ ò lágbára lónìí, Àlàó. Ṣé ebi lo sùn ni?"

"Mo jẹun, Màámi. Àmín ni o."

Fọlákẹ́mi tí wọ́n ń tọrọ ìpadàbọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run ti wà nínú ilẹ̀ láti ìgbà ọdún Àjíǹde.

Báyìí lọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ṣáájú ọdún Àjíǹde náà ni àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlu Màmá lójijì. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, kò lajú, kò fọhùn. Akínlabí pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Fọlákẹ́mi, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Àbújá. Fọlákẹ́mi ò dúró gbọ́ ọ tán. Ó ní òun fúnra òun ni yóò tọ́jú ìyá òun, ó sì wọkọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọkọ̀ náà dojú dé lójú ọ̀nà Kàbà. Ìjọ kan nítòsí ibẹ̀ ló fún wọn nílẹ̀ tí wọ́n sin ín sí wẹ́rẹ́, nítorí pé nílẹ̀ wa, wọn kì í fi ariwo gbé òkú ọmọ tó kú ṣáájú ìyá rẹ̀ wọ ìlú.

Nígbà tí Màmá wá lajú, Fọlákẹ́mi ló kọ́kọ́ béèrè. Bàbá Hezekiah, àbúrò Màmá tó ń gbé ní Ìgbájọ, ló yára dá a lóhùn.

"Ó ti lọ sí ìlú òyìnbó, ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ ló gbé e lọ wàràwàrà. Wọn kì í jẹ́ kí wọ́n gbé fóònù sétí níbẹ̀."

Ó wá fa Akínlabí jáde síta, ó dì í lápá mú. "Ìwọ náà gbọ́ ohun tí dókítà wí. Bí ẹ̀jẹ̀ yẹn bá tún ru lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tán nìyẹn. Ìyá rẹ ò gbọdọ̀ gbọ́. Àbí o fẹ́ sin ẹni méjì ni?"

Akínlabí ò fẹ́ sin ẹni méjì. Ta ni yóò fẹ́ bẹ́ẹ̀? Gbogbo ilé tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ló mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: wọ́n á fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún arúgbó tí ara rẹ̀ ò yá, títí Ọlọ́run yóò fi la ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohùn. "Bí ò bá lè pè, ṣé kò lè sọ̀rọ̀ sínú Wásáàpù ni? Ohùn ọmọ mi ni mo fẹ́ gbọ́." Ó kọ oúnjẹ. Ó kọ oògùn. Ibẹ̀ ni Akínlabí ti ṣe ohun tí ẹlòmíràn nínú ẹbí wọn ò lè ṣe.

Iṣẹ́ olùkọ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe nílé ẹ̀kọ́ gíga kan nínú ìlú, ṣùgbọ́n orin ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Kì í ṣe orin olórin tó ń kọrin níwájú èrò. Á gba ìró sílẹ̀ sínú fóònù, ìró omi, ìró ilẹ̀kùn, ìró jẹnẹrétọ̀, á gbé e wọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, á gé e, á fà á gùn, á tò wọ́n lé ara wọn títí yóò fi di orin. Ẹni tó lè gé ìró ilẹ̀kùn lè gé ohùn ènìyàn. Ó kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí Fọlákẹ́mi ti fi ránṣẹ́ rí jọ. Ó mú "Ẹ káàárọ̀, Màámi" láti ibì kan, ó mú "Ṣé ẹ ti lo oògùn yín?" láti ibòmíràn, ó fọ ariwo ẹ̀yìn wọn kúrò, ó so wọ́n pọ̀. Màmá gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó jẹun. Láti ọjọ́ náà, òkú bẹ̀rẹ̀ sí í kí ìyá rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ dán wa wò.

Akínlabí ti ń ṣe àwo orin kan bọ̀ kí gbogbo èyí tó dé. Ní yunifásítì, kó tó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ìmọ̀ ọgbọ́n orí tí òyìnbó ń pè ní filọ́sọ́fì ló kà, ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀ ò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ rí. Olùkọ́ wọn ní àwọn ará Gíríìkì ayé àtijọ́ a máa tú jáde, odidi ìlú, wọ́n á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè láti wo eré ẹni tí àjálù bá. Ẹni náà kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Ẹni rere ni. Àṣìṣe kan ló ṣe, àárín ibi tó ti ń ṣe dáadáa ló sì ti ṣe é. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òtítọ́ méjì ni yóò pàdé lójú ọ̀nà tóóró, tí ọ̀kan ò lè yà fún èkejì. Àwọn tó ń wòran á sunkún, wọ́n á sì padà sílé pẹ̀lú ọkàn tó fúyẹ́.

Akínlabí rò ó pé irú nǹkan yẹn ṣe é fi orin ẹ̀rọ sọ, láìsí ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀: kí orin bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró dídùn kan, kí ìró dídùn náà gan-an sì di ohun tí yóò fọ́ orin náà. Ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán ni lójú rẹ̀ nígbà yẹn.

Nígbà tí Màmá dé láti ọsibítù tó ń kọ́ ìrìn padà, Akínlabí gbé fóònù sílẹ̀ nídìí ògiri, ó gba ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pá á kanlẹ̀, kó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún á tẹ̀, gbì. Ẹsẹ̀ òsì á wọ́ tẹ̀lé e, wọ̀ọ́ọ́. Kó, gbì, wọ̀ọ́ọ́. Ó fi í ṣe ìlù gbogbo àwo orin náà.

"Ẹsẹ̀ arọ lo fi ń ṣorin, àbí?" ni Màmá bi í nígbà tó mọ̀.

"Ẹsẹ̀ jagunjagun ni, Màámi."

"Jagunjagun tí ò lè dé ilé ìyàgbẹ́! Gbé fóònù rẹ kúrò lọ́nà kí n má tẹ̀ ẹ́."

Àṣìṣe tirẹ̀ dé nígbà tí òjò fẹ́ máa lọ. Ayé sú Màmá. Ó jókòó lọ́jọ́ kan, kò dìde mọ́, ó ní ta ni òun fẹ́ rìn lọ bá. Ó di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ọ̀pá rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ẹ̀rù ba Akínlabí. Ó wá inú ohùn Fọlákẹ́mi títí, kò rí ohun tó lè gbé arúgbó dìde, àfi ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tí Fọlákẹ́mi sọ sínú fóònù láti gáréèjì láàárọ̀ ọjọ́ tó kú ni, èyí tó ní kí wọ́n fi sétí Màmá lórí ibùsùn ọsibítù. Akínlabí ń sáré oògùn kiri lọ́jọ́ náà. Kó tó ráyè, ìròyìn ọkọ̀ ti dé. Màmá ò gbọ́ ọ rí. Akínlabí gé gbólóhùn kan péré nínú rẹ̀: "Màámi, mò ń bọ̀."

Ó rò pé yóò kàn fi tu ìyá rẹ̀ nínú ni. Ṣùgbọ́n Màmá gbọ́ ọ, ó di apá àga mú, ó dìde. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó rìn padà. Lọ́jọ́ kejì, ó rìn dé ìdí ọsàn lẹ́yìnkùlé. Kò béèrè ọjọ́ tí ọmọ ń bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló dá a: ọjọ́ Ìkórè ni, Fọlákẹ́mi ò pa Ìkórè jẹ rí láti kékeré. Ó ránṣẹ́ sí pásítọ̀ pé òun àti ọmọ òun yóò jáde wá dúpẹ́, òun yóò sì fi ẹsẹ̀ ara òun rìn dé iwájú pẹpẹ. Pásítọ̀, tí kò mọ ohunkóhun, kéde rẹ̀. Gbogbo ìjọ hó ìhó ayọ̀.

Bí ìrètí náà ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń gbé sókè. Akínlabí ṣì ń gba ìró ẹsẹ̀ náà sílẹ̀; á jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, á gbọ́ ọ nínú orin: ìlù àwo náà ń yá díẹ̀díẹ̀, ó ń gún régé. Irọ́ òun ló ń wo ìyá òun sàn. Kò sí orin ayọ̀ tó bani lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀.

Fáòsíátù, aránṣọ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, wá wọn ara Màmá fún aṣọ Ìkórè. Obìnrin yìí mọ òtítọ́. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́.

"Màmá Dinah, ẹ dúró dáadáa. Àbí ijó lẹ ti ń jó?"

"Mo ń kọ́ ọ sílẹ̀ ni. Bí mo bá jó lọ́jọ́ Ìkórè, ìwọ tó o máa ń pe ara rẹ ní eléré ìdí, wàá lọ fara pamọ́ sí mọ́sálásí."

"Ẹ̀yin! Ẹ ò tilẹ̀ lè mi èjìká, kí á tó wá sọ ti ìdí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Màmá wá fi ọwọ́ nu ojú, ó ní, "Rán ti Àwẹ̀ró pẹ̀lú. Ìwọ̀n tèmi ni kó o lò, kó o kàn dín in ní ìbàdí. Kò sanra tó mi."

Fáòsíátù ní ó dáa. Ó ká okùn ìwọ̀n rẹ̀, ó rọra jáde. Nígbà tí Akínlabí sìn ín dé ìta, ó rí i tó fi orí ti ògiri.

"Akínlabí, aṣọ òkú lẹ ní kí n máa rán yìí o. Mo ti rán aṣọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé mi, mi ò rán irú rẹ̀ rí. Wallahi, ọwọ́ mi ò ní gbà á."

"Ẹ forí jì mí, mà."

"Èmi kọ́ ni wàá bẹ̀. Ìyá yẹn fẹ́ dúró níwájú Ọlọ́run àti ènìyàn kó máa retí ẹni tí kò ní dé. Ṣé ẹ fẹ́ kó ṣubú síbẹ̀ ni?"

Lọ́jọ́ kejì, Akínlabí wọ táksí èrò, ó gba Ọ̀tan Ayégbajú lọ sí Ìgbájọ lọ́dọ̀ Bàbá Hezekiah. Ó bá a lábẹ́ igi níwájú ilé, ó ń ka Bíbélì. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì ro ọ̀rọ̀ náà fún un.

"Tún ohùn mìíràn ṣe," ni bàbá wí. "Kó ní wọn ò fún òun láàyè. Kó di Kérésì."

"Mi ò ní ohùn mọ́, sà."

"Báwo?"

"Mo ti lò ó tán. Kò sí gbólóhùn kan tí Fọlákẹ́mi sọ rí tí mi ò tíì gé. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi di àkísà."

Bàbá pa Bíbélì dé. Ẹyẹ ń ké lórí òkè tó yí ìlú náà ká.

"Sà, ohun tí mo ń fi orin sọ láti ọjọ́ yìí, àwa gan-an ni. Ẹ̀yin ò jẹ̀bi, èmi ò jẹ̀bi. Ẹ ní kó má kú. Òtítọ́ ni. Màámi ní ẹ̀tọ́ láti sunkún ọmọ wọn. Òtítọ́ ni. Àjálù lèyí."

"Má pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ọlọ́run kì í ní àjálù. Ètò Ọlọ́run ló ní."

"Ṣé ètò Ọlọ́run ni pé kí n máa ṣe àmín sí àdúrà tí mo mọ̀ pé kò lè gbà?"

Bàbá Hezekiah na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú.

"Ọwọ́ yìí ni mo fi da erùpẹ̀ sí i, Akínlabí. Ọwọ́ yìí náà ni mo fi ń bọ ìyá rẹ lọ́wọ́ nígbà tí mo bá wá, tó ń sọ fún mi pé, 'Hezekiah, a ó rí Àwẹ̀ró láìpẹ́.' Mi ò lè sọ ọ́. Bí ìwọ bá lè sọ ọ́, mi ò ní dá ọ dúró mọ́. Àmọ́ bí ẹ̀mí rẹ̀ bá bá ọ̀rọ̀ náà lọ, ìwọ àti èmi la jọ pa á."

Nínú táksí tó gbé e padà, Akínlabí ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn èrò ń sọ. Nígbà tó délé, ó ṣí orin ìkẹyìn, èyí tí kò tíì parí. Ó ti fi "Màámi, mò ń bọ̀" sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, gígé bó ṣe gé e fún Màmá. Ó yọ ọ́. Ó fi odidi ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fọ ariwo kankan kúrò.

Ọ̀sán Sátidé, tí Ìkórè ku ọ̀la. Màmá wọ aṣọ tuntun rẹ̀ láti wò ó. Ó rìn láti yàrá wá sí yàrá àlejò, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣùgbọ́n kò fi kanlẹ̀. Akínlabí ti ní kí Fáòsíátù jókòó sí ẹnu ọ̀nà, bóyá wọ́n á nílò ìrànlọ́wọ́.

"Àlàó, bí bàálù bá gbé Àwẹ̀ró balẹ̀, ọkọ̀ àárọ̀ ọ̀la ló máa wọ̀ ni, àbí ó ti wà lọ́nà?"

Akínlabí la ẹnu. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láti òwúrọ̀, bí àgbà ṣe ń sọ ọ́: ẹ ṣọkàn akin, Ọlọ́run ló fún wa, Ọlọ́run ló gbà á. Kò sí ọ̀kan tó jáde.

"Màámi, mo ti parí orin náà. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí tó kẹ́yìn."

"Ìwọ àti orin tí ò lọ́rọ̀. Ṣé ẹsẹ̀ mi wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ó dáa, jẹ́ kí n gbọ́ ẹsẹ̀ mi."

Ó so sípíkà mọ́ kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kó, gbì, wọ̀ọ́ọ́, láti ìgbà tó burú jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìró dùùrù ìjọ wọlé, tí Akínlabí ti fà gùn tó ń dún bí òjò tó ń bọ̀ lókèèrè. Ẹsẹ̀ ń yá. Ohùn Màmá fúnra rẹ̀ wá yọ, ó ń ki Fọlákẹ́mi bó ṣe máa ń kì í láàárọ̀:

Àwẹ̀ró ọmọ mi,
a-jí-fẹ̀rín-pàdé-ará-ilé,
ọmọ tó wọlé tí ilé kún,
ọmọ tó jáde tí ẹnu ọ̀nà ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Màmá gbè é lẹ́sẹ̀, ó ń mi orí, ó ń fi ọ̀pá kanlẹ̀. Bó ṣe di pé oríkì náà parí, Fọlákẹ́mi dáhùn.

"Màámi, mò ń bọ̀."

"Ọmọ mi!" ni Màmá wí, ó rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ohùn náà ò dúró níbi tó ti máa ń dúró. Ariwo gáréèjì bo ẹ̀yìn rẹ̀, agbèrò kan ń pe Kàbà, Òmù-Àrán, Ìlá, ó ku ẹnìkan.

"Wọ́n ní ẹ ò tíì lajú. Mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ mi. Akínlabí, fi fóònù sétí wọn dáadáa. Màámi, mo ti wọkọ̀ o. Ẹ má lọ síbì kankan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ó rí mi."

Ìró ẹsẹ̀ dúró. Dùùrù fà lọ díẹ̀, òun náà sì dákẹ́.

Màmá yí ojú sí Akínlabí. Lẹ́nu ọ̀nà, Fáòsíátù ti dìde dúró.

"Ìgbà wo ló sọ èyí?" ni Màmá bi í.

"Ìgbà tí ẹ wà lọ́sibítù ni, Màámi."

"Ó wọkọ̀."

"Ó wọkọ̀, mà."

"Mo lajú, mi ò rí i. Hezekiah ní ó lọ sí ìlú òyìnbó." Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. "Gbogbo ohùn tó ń kí mi yẹn ńkọ́?"

"Èmi ni. Mò ń gé e láti inú àwọn tó ti sọ tẹ́lẹ̀."

"Àdúrà tí mò ń gbà láràárọ̀ ńkọ́? Ò ń ṣe àmín."

"Mò ń ṣe àmín, Màámi."

"Hẹ̀ẹ̀n."

Akínlabí ti dojúbolẹ̀, iwájú orí rẹ̀ kan sìmẹ́ǹtì. Ó ń dúró de kí ohun tí dókítà wí ṣẹlẹ̀. Èémí ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó wúwo, ṣùgbọ́n ó ń lọ, ó ń bọ̀.

"Nítorí mi ló ṣe wọkọ̀," ni Màmá wí.

"Nítorí pé ó fẹ́ràn yín ni, Màámi."

"Ohun kan náà ni."

Ó gbé ẹnu sókè bí ẹni tó fẹ́ kì í. "Àwẹ̀ró ọmọ mi," ni ó wí, "a-jí-fẹ̀rín-pàdé..." Kò lè lọ síwájú. Ohun tó jáde lẹ́yìn ìyẹn kì í ṣe oríkì. Igbe ni, igbe gígùn kan ṣoṣo, èyí tó ti ń dúró de àyè láti ìgbà Àjíǹde. Fáòsíátù bú sẹ́kún lẹ́nu ọ̀nà. Akínlabí gbórí sókè, ó rí i pé ọ̀pá ti bọ́ lọ́wọ́ ìyá òun, ìyá náà sì na ọwọ́ kan sí òun.

"Àlàó," ni Màmá wí, "fà mí lọ́wọ́. Ilẹ̀ ni mo fẹ́ jókòó sí."